Ìkíni Tí Kò Gbọdọ̀ Wọ Ilé Wa

Jímọ̀, 25 Oṣù Kẹrin

Samsu ti kú. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé n kò gbọdọ̀ fi ẹnu mi sọ ọ́ nínú ilé yìí.

Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ ni mo ṣí láti ẹ̀yìn wá. Níwájú ni àyà, ìbàdí àti gígùn apá àwọn oníbàárà wà. Ìyá kò mọ̀wé kà, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀.

Alhaji Kàdírì, àbúrò bàbá wa tó ń gbé ní Ìsẹ́yìn, ló pè mí ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Wọn kò kí mi. Ọkùnrin tó jẹ́ pé yóò béèrè ara mi, yóò béèrè ẹ̀rọ ìránṣọ mi, yóò béèrè adìyẹ mi kó tó sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè! "Mujeebat, jókòó ná" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ibà ló ṣe é ní Àbújá, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó kú láàárọ̀ àná, wọ́n sì ti sin ín kí wọ́n tó kírun Àsárì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo.

"Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́," ni Alhaji wí. "O mọ ohun tí dókítà sọ nípa ọkàn wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lójijì, òkú di méjì. Jẹ́ kí Iléyá kọjá. Àwa àgbà yóò wá, a ó jókòó tì wọ́n, a ó sì fi ẹ̀sọ̀ bá wọn sọ ọ́."

Mo ní ẹ ṣé. Mo dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, Ìyá gbé fóònù wọn sórí itan. Kò sí Jímọ̀ kan tí Samsu kì í pè. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Samsu ò mà tíì pè." Mo ní fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ọmọ yìí ò lè di nǹkan mú láti kékeré."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 26

Misturat tó wà ní òdìkejì títì ti gbé àwòrán Samsu sórí wásáàpù. Ó fi àbẹ́là tó ń jó àti ẹyẹlé funfun sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló ń tan àbẹ́là fún Mùsùlùmí? Mo sáré sọdá pẹ̀lú òwú lọ́rùn àti abẹ́rẹ́ láyà aṣọ.

"Sísì Mujeebat, mo kàn fẹ́ ṣàdúrà fún wọn ni," ló wí.

"Sùúrù ńkọ́? O ti kí ìyá tó bí i? O ti kí èmi?"

Ó pa á rẹ́ lójú mi. Ó ní ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́rin péré ló ti rí i. Péré!

Láyé tí wọ́n bí wa, ẹsẹ̀ ni òfò fi ń rìn. Àgbà méjì tàbí mẹ́ta ni yóò gbé e wá. Wọn yóò jókòó, wọn yóò tọrọ omi, wọn yóò sọ̀rọ̀ òjò àti iṣu, tí onílé yóò fi máa múra sílẹ̀ nínú ara rẹ̀ láìmọ̀. Nísinsìnyí, ẹni tó jókòó sínú ṣálángá pẹ̀lú fóònù á mọ̀ ṣáájú ẹni tó lóyún ọmọ.

Mo lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò wa. Mo bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe kí Ìyá kú ìrọ́jú. Ẹ má ṣe mí kanlẹ̀ níwájú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ sunkún, ẹ sun ún kí ẹ tó dé, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má wulẹ̀ wá. Gbogbo wọn gbà. Ṣakí ò burú, wọ́n mọ ohun tó yẹ ọmọlúàbí.

Ajé, 28

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Títì di ẹrẹ̀ pupa.

Ìyá Sàfúrátù, ọ̀rẹ́ Ìyá láti ìgbà tí wọ́n jọ ṣe ìyàwó ilé, ti ìsàlẹ̀ títì bọ̀, gèlè wọn wà ní ìbàdí, ẹnu wọn ti yà fún ẹkún. Mo pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ìṣẹ́tí aṣọ oníbàárà nu ojú fún wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nítorí Ọlọ́run." Wọ́n mí sókè mí sílẹ̀, wọ́n wé gèlè padà, wọ́n sì wọlé.

"Ẹ kú òjò o, Ìyá…" Wọ́n wò mí. "Ẹ kú òjò o, Alhaja."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Alhaja? Ṣé ìwọ lo máa sanwó Mẹ́kà mi ni?"

Àwa mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Ìyá Sàfúrátù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, a sì fi ẹ̀rín bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀. Bí a ṣe bọ́ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Karùn-ún

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ lónìí, ní ilé Alhaji Kàdírì ní Ìsẹ́yìn. Mo sọ fún Ìyá pé ìsọmọlórúkọ ni mò ń lọ, pé ìyàwó ọmọ Alhaji bímọ. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni mo wọ̀ jáde nílé kí wọ́n má bàa fura. Nígbà tí mo dé Ìsẹ́yìn ni mo fi ìborùn dúdú bò ó.

Nínú ọkọ̀, ọkùnrin kan ṣí fóònù rẹ̀ sílẹ̀ gbaragbàdà, àwọn aláwàdà ń pariwo níbẹ̀ láti Ṣakí dé Òkèhò. Ọjọ́ mìíràn, mi ò ní ṣàì bá a jà. Lónìí, ariwo rẹ̀ ni mo fi sunkún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Ọlọ́run á bù kún un.

Ní agbo àdúrà ni wọ́n ti kí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló di ọwọ́ mi mú. "Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí áljánnà." N kò mọ̀ pé ebi ìkíni ti ń pa mí tó bẹ́ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń gba oúnjẹ, mo sì ń wojú ẹni tó kàn.

Nígbà tí mo padà délé, Ìyá wà lórí ẹní.

"Kú àbọ̀. Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ara wọn le, mà."

"Kí ni wọ́n sọ ọmọ náà?"

N kò ronú rẹ̀ rárá ní gbogbo ọ̀nà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí ahọ́n mi, ohun tí wọ́n ti pè látàárọ̀ nínú àdúrà.

"Samsudeen," ni mo wí.

Ìyá wò mí. "Orúkọ gidi ni," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run á dá a sí." Mo ní àmín.

Wọ́n na ọwọ́ sí ike tí mo gbé dání. Ìrẹsì sàárà ni. Sàárà ọmọ wọn. Ó dára, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ sọ fún mi bí ènìyàn ṣe máa jókòó tí yóò máa wo ìyẹn. Mo ní ó ti kan lọ́nà. Mo gbé e jáde, mo dà á fún adìyẹ. Adìyẹ jẹ ẹ́, ó sì ń fi ẹnu nulẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀.

Jímọ̀, 2

Ìyá gbé fóònù sórí itan láti ìgbà tí wọ́n kírun tán títí di ìrọ̀lẹ́.

Jímọ̀, 9

Mo ṣe ohun kan lónìí tí n kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run yóò fi jì mí.

Samsu kì í kọ̀wé lórí wásáàpù. Wẹ́dà ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́. Ohùn rẹ̀ ló máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi, kí n fi sétí Ìyá. Ìyá a sì máa dá a lóhùn bí ẹni pé ó wà ní pálọ̀. Bó bá ní "ẹ káàárọ̀," wọn á ní "Oo, Àkànní mi." Bó bá ń rẹ́rìn-ín, wọn á bá a rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ fún wọn pé kò gbọ́ wọn, wọn á ní kí n jẹ́ kí wọ́n kí ọmọ wọn.

Wọn kò jẹun ní ọ̀sán yìí. Nítorí náà mo wá ọ̀kan nínú àwọn ohùn àtijọ́ yẹn. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò lè gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mú un lọ bá wọn, mo ní Samsu ti ya fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò.

"Ìyá mi, ọmọ yín rèé o. Ẹ kú Jímọ̀. Iṣẹ́ ló pọ̀. Mujeebat, má jẹ́ kí wọ́n jẹ iyọ̀ jù. Ìyá mi, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn yìí o. Òtútù yìí ò ṣeé fojú di. Ẹ wọ súwẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ o, ẹ má gbé e pamọ́ sínú àpótí."

Òjò sì ń rọ̀ lórí páànù wa. Oṣù karùn-ún! Ta ló ń kí ènìyàn kú ọ̀gìnnìtìn nínú oṣù karùn-ún? Ọmọ ọwọ́ tó ń kọ́ ìkíni mọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ìyá kò dá a lóhùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, wọn kò sọ "oo" kan ṣoṣo. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Ṣé òtútù mú níbẹ̀ ni?"

"Òjò ni, mà. Òjò Àbújá máa ń tutù."

"Hẹn."

Wọ́n dìde, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n yọ súwẹ́tà náà. Aláwọ̀ èsè àlùkò ni, wọn kò wọ̀ ọ́ rí. Wọ́n wọ̀ ọ́ sórí bùbá, wọ́n di bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn, wọ́n sì padà sórí ẹní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n gba irọ́ mi gbọ́.

Ọjọ́rú, 14

Ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi nǹkan dí etí méjèèjì, ó na fóònù sí mi lójú: "Irú èyí ni mo fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jáde kó tó di Iléyá." Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ káàsán. Mo lé e jáde. Mo lé e dé ojú títì, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí ọmọ ọlọ́mọ.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ fèrèsé Ìyá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àwọn tó mọ̀ kò lè kí mi sókè níbẹ̀. Wọ́n á ní "ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á fún ọwọ́ mi pọ̀ pinpin, wọ́n á lọ. Gbogbo ayé ló ń kí mi kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kú, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́.

Òwú tún ti gbówó lórí.

Àìkú, 18

Gbémisọ́lá, ìyàwó Samsu, pè mí láti Àbújá. Ó wà nínú opó, kò lè jáde. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Sísì mi, ṣé Ìyá bínú sí mi ni?"

"Bínú kẹ̀? Wọn kò mọ̀, Gbémi. O mọ̀ pé wọn kò mọ̀."

"Mo mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ti kí mi. Àwọn tí n kò mọ̀ rí kí mi. Ohùn tiwọn ni mo ń retí."

Mo ní kó ní sùúrù. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn lẹ́nu mi?

Ajé, 26

Ìyá kò bọ́ súwẹ́tà yẹn. Ooru mú lánàá, àágùn ń ṣàn ní iwájú orí wọn. Mo ní, "Ẹ bọ́ ọ, mà, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí yín." Wọ́n ní òtútù ń mú àwọn.

Mo ti ń bẹ̀rù pé ara wọn kò yá. Wọ́n rù.

Ọjọ́rú, 28

Mo pe Alhaji Kàdírì. Mo ní kí wọ́n wá kí a sọ ọ́, pé n kò lè gbé e mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí a ṣọdún.

"Bí o bá tú u ṣáájú tí nǹkan bá ṣe wọ́n, Mujeebat, ọrùn rẹ ló wà o."

Mo mọ̀ pé wọn kò sọ ọ́ láti fi pa mí lára. Àmọ́ látìgbà náà ni mo ti ń tẹ́tí sí bí Ìyá ṣe ń mí.

Jímọ̀, 6 Oṣù Kẹfà. Iléyá

Mo ń kọ èyí ní ọ̀sán, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀, ilé kún. Mo sá wá sí ṣọ́ọ̀bù díẹ̀.

Láàárọ̀, bí wọ́n ti ti Yídì dé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. "Ẹ kú ọdún o, Màmá." "Ẹ kú ìyèdún o, Alhaja." "Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Ìyá jókòó nínú súwẹ́tà, wọ́n ń dáhùn àmín, wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní ẹran. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ọlọ́pàá, mò ń wo ẹnu olúkúlùkù. Ìyá Sàfúrátù ló lọ kẹ́yìn. Mo mí. Mo ní a ti bọ́.

Ìyá ní, "Ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í.

"Mujeebat, kí ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò yìí?"

Mo wò wọ́n.

"Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi pè mí ní Ìyá Samsu. Àwọn tó mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí ti kú tán. Ìyá Sàfúrátù wọlé lọ́jọ́ òjò, ó pè mí ní Alhaja. Mo rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ kejì, alápatà pè mí ní Màmá. Ìyàwó Lèmọ́mù pè mí ní Ìyá Mujeebat. Kò sí ẹnì kan, láti ọjọ́ yẹn, tó béèrè lọ́wọ́ mi pé Samsu ńkọ́. Ẹnì kan ṣoṣo! Àwọn tó jẹ́ pé bí wọn kò bá tíì béèrè Samsu, wọn kì í kọjá ojúde mi."

"Ìyá…"

"O lọ síbi ìsọmọlórúkọ, o gbé ìrẹsì wálé, o ní ó kan. Ìrẹsì náà ṣì ń gbóná, mo rí ooru rẹ̀ lára ike. O wá fi ohùn ọ̀gìnnìtìn sétí mi nínú òjò." Ohùn wọn kò ga. "Ṣé o rò pé mo fọ́jú ni? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Mo ti wà lórí eékún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀.

"Ta ni mo máa sọ ọ́ fún? Mò ń gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. O máa ń tẹ̀ ẹ́ láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, kí n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ. Mo ní bí mo bá la ẹnu, ọmọ kan tó kù fún mi yóò wó. Mo ní ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é títí ọdún á fi kọjá. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi." Wọ́n di ọrùn súwẹ́tà náà mú. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Mujeebat. Ilé ń kún, ilé ń ṣófo, wọ́n ń kí mi kú òjò, wọ́n ń kí mi kú ọdún. Èmi ni mo bí i. Kò sẹ́ni tó kí mi."

Èmi ni mo lé ìkíni náà kúrò. Èmi ni mo lọ láti ilé dé ilé. Mo rò pé ikú ni mò ń dí lọ́nà, ìtùnú ni mo dí lọ́nà.

Mo fi orí kanlẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Samsu."

"Oo," ni Ìyá wí.

Lẹ́yìn náà ni igbe jáde. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti inú wọn. Mo di wọ́n mú, mo gbé ọwọ́ lé wọn láyà, ọkàn wọn ń lù kìkìkì, mo ń pe Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n nu imú wọn.

"Lọ ṣí ilẹ̀kùn. Jẹ́ kí wọ́n wá kí mi."

Àbámẹ́ta, 7

Wọ́n wá o. Láti àná ni wọ́n ti ń wá, pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn. Ìyá Sàfúrátù sun ẹkún tí wọ́n ti gbé mì láti oṣù kẹrin, wọ́n sùn síbí. Misturat wá kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Kò gbé fóònù dání. Alhaji Kàdírì ti Ìsẹ́yìn dé pẹ̀lú àgbà méjì, wọ́n tọrọ omi, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òjò àti iṣu. Ìyá ní, "Alhaji, ẹ mu omi yín. Mo ti gbọ́." Alhaji gbé ife mọ́wọ́, wọn kò lè mu ún.

Ìyá pe Gbémisọ́lá. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. "Ìyàwó mi, kú ìrọ́jú. Mo pẹ́. Má bínú."

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí ilé dákẹ́ díẹ̀, Ìyá ní kí n gbé fóònù mi wá. Wọ́n ní kí n fi ohùn ọjọ́ yẹn sí i. Mo ní, "Ṣé ó dá yín lójú, mà?" Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n ṣe kíá.

"Ìyá mi, ọmọ yín rèé o. Ẹ kú Jímọ̀."

"Oo, Àkànní mi."

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Pẹ̀lẹ́."

"Mujeebat, má jẹ́ kí wọ́n jẹ iyọ̀ jù. Ìyá mi, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn yìí o. Òtútù yìí ò ṣeé fojú di. Ẹ wọ súwẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ o, ẹ má gbé e pamọ́ sínú àpótí."

Ìyá tẹ̀ síwájú, wọ́n sún mọ́ fóònù náà dáadáa kí ó lè gbọ́ wọn.

"Mo ti wọ̀ ọ́," ni wọ́n wí.